Orí Keje: Brisbane Star, Ọkọ̀ Ẹran Tó Lọ Sójú Ogun

Ète orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé ohun tí ọkọ̀ ẹrù oníyàrá òtútù jẹ́, àti bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́;
(b) sọ ìdí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún Ìlú Ọba láàárín ọdún 1939 sí 1945;
(d) tẹ̀lé ìrìn-àjò Brisbane Star láti ibi tí wọ́n ti kàn án títí dé ibi tí wọ́n ti tú u palẹ̀;
(e) fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i wé ti àwọn ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

7.1 Kí ni ọkọ̀ ẹrù oníyàrá òtútù?

Ẹja oníyìnyín tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń lọ kó ní kóòlù-rúùmù láàárọ̀, ì báà jẹ́ Títùsì, kòtè tàbí pánlá, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Á ti pẹ́ lórí òkun kí ó tó dé èbúté Àpápá, síbẹ̀ kì í rà. Irú ọkọ̀ tó gbé e wá ni kò jẹ́ kí ó rà.

Ọkọ̀ ẹrù oníyàrá òtútù ni ọkọ̀ òkun tí wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé tẹ́ ikùn rẹ̀, tó sì ní ẹ̀rọ tí ń mú kí ibẹ̀ tutù láti èbúté tí wọ́n ti di ẹrù títí dé èbúté tí wọn yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ikùn ọkọ̀ ni àyè ńlá tó wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń to ẹrù sí.

Òtútù kò rí bákan náà fún gbogbo ẹrù. Ẹran tó bá máa dì bí òkúta, bí i ti àgùntàn láti New Zealand, wọ́n máa ń gbé e sí ibi tí òtútù rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 10 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ òdo. Ẹran màlúù láti Ajẹntínà, tí àwọn oníbàárà kò fẹ́ kó dì pátápátá, ìwọ̀n kan péré tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo ni tirẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 12 sókè òdo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èèpo rẹ̀ á dúdú, kò sì ní pọ́n mọ́. Èso tún ní wàhálà kan tí ẹran kò ní: lẹ́yìn tí wọ́n ti já a lórí igi, ó ṣì ń mí, bí ó sì ti ń mí ló ń mú ooru jáde. Ẹ̀rọ ọkọ̀ tó kó èso ní láti máa kó ooru yẹn jáde lójoojúmọ́, yàtọ̀ sí èyí tí ń gba ara irin wọlé láti ìta.

7.2 Bí òtútù ṣe ń dé ikùn ọkọ̀

Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n fi tẹ́ ògiri. Ní àwọn ọdún 1930, kọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lò jù. Èèpo igi kan tí wọ́n ń bó ní ilẹ̀ Potogí àti Sípéènì ni kọ́ọ̀kì, òun náà ni wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì kó o sáàárín irin ara ọkọ̀ àti pákó tó kọjú sí ẹrù.

Èkejì ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fún gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná. Gáàsì gbígbóná náà á gba inú páìpù tí omi òkun ń fọ̀ lára kọjá, ooru rẹ̀ á bá omi òkun lọ, gáàsì á sì di olómi. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣí ọ̀nà fún un lójijì, á tún padà di gáàsì. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní láti fa ooru láti ara ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sí ìtòsí rẹ̀ ni omi iyọ̀, nítorí pé omi iyọ̀ kì í tètè dì. Nínú ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kábọ́ọ̀nù dáí-ọ́ksáìdì ni gáàsì tí wọ́n fẹ́ràn jù nígbà náà, torí pé amóníà, tí wọ́n ń lò nínú yàrá òtútù orí ilẹ̀, lè pa èèyàn bí ó bá jò nínú ọkọ̀ tí kò sí ibi sísá.

Ẹ̀kẹta ni páìpù àti fáànù. Omi iyọ̀ tó ti tutù yẹn á máa gba inú páìpù yí òrùlé àti ògiri ikùn ọkọ̀ ká, tàbí kí fáànù máa fẹ́ atẹ́gùn kọjá lára rẹ̀ lọ sínú ẹrù.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kì í sùn lé e. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ètò bá sọ, ẹnìkan á sọ tẹmómítà sínú páìpù tóóró tó lọ dé àárín ẹrù, á fà á jáde, á wò ó, á sì kọ iye tó bá rí sínú ìwé. Bí ẹran bá bàjẹ́, ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ní èbúté.

7.3 Bí òwò ẹran ṣe bí Brisbane Star

Ní ọdún 1876, ọkọ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Frigorifique gbé ẹran láti ilẹ̀ Faransé lọ sí Ajẹntínà láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọdún 1882 ni òwò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an, nígbà tí Dunedin, ọkọ̀ tó ń fi ìgbòkun rìn ṣùgbọ́n tó ní ẹ̀rọ òtútù nínú, gbéra ní èbúté Port Chalmers ní New Zealand, tó sì kó òkú àgùntàn bí 5,000 dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ní oṣù mẹ́ta lójú omi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ méjèèjì, Dunedin àti Port Chalmers, sọ́kàn; a óò tún bá wọn pàdé.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Ìlú Ọba ti ń jẹ ẹran tí wọn kò mọ agbo tó ti wá. Àwọn tó rí èrè ńlá jẹ nínú òwò yìí ni William àti Edmund Vestey, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Liverpool. Wọ́n ní oko màlúù ní òkè òkun, wọ́n ní yàrá òtútù ní èbúté, wọ́n ní ìsọ̀ ẹran nígboro. Ohun tó kù wọ́n kù ni ọkọ̀. Ní 1911 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Blue Star Line sílẹ̀, kí owó ọkọ̀ má baà máa lọ sápò ẹlòmíràn.

Láàárín 1934 sí 1939 ni ilé-iṣẹ́ náà kan ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n jọra bí ìbejì: Imperial Star, Empire Star, Sydney Star, Melbourne Star, Dunedin Star àti àwọn mìíràn. Brisbane Star wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ Cammell Laird ní Birkenhead, ní òdìkejì odò Mersey sí Liverpool, ló kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1937. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 11,000 tọ́ọ̀nù, dísù ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń mu, àjẹ̀ onírin méjì ló sì ń tì í lọ. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, ìwọ̀nba èrò péréte ló lè gbà.

Eré rẹ̀ ni kí a fi ọkàn sí jù. Nọ́ọ̀tì ni òṣùwọ̀n eré ọkọ̀ òkun. Nọ́ọ̀tì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ìgbà náà kì í sá ju nọ́ọ̀tì 10 lọ. Brisbane Star lè sá ju 16. Àwọn tó kàn án kò ro ogun rárá. Ẹran ni wọ́n rò, nítorí pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹran bá lò lójú omi, owó epo àti owó òtútù ni.

7.4 Ogun dé

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939, Ìlú Ọba kéde ogun sí Jámánì. Erékùṣù ni Ìlú Ọba, oko rẹ̀ kò lè bọ́ ọ, àwọn ọkọ̀ abẹ́-omi Jámánì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba gbé ètò ìpín oúnjẹ kalẹ̀, ìyẹn ètò tí ó sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rà lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1940, ó kan bọ́tà, ṣúgà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ní oṣù Kẹta ó kan ẹran yòókù. Owó ni wọ́n fi pín ẹran, wọn kò fi ìwọ̀n pín in: àgbàlagbà kan lè ra ti ṣílè kan àti pẹ́nì mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó pọ̀ á ra ibi tí kò dára, ẹni tó bá fẹ́ ibi tó dára á jẹ díẹ̀.

Ní 1940 kan náà ni ìjọba gba àkóso àwọn ọkọ̀ ńláńlá lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ṣì ń gba atukọ̀ síṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ yóò lọ àti ohun tí yóò gbé. Wọ́n fi ọ̀dà eérú pa àmì ìràwọ̀ búlúù tó wà lára ihò èéfín àwọn ọkọ̀ Blue Star rẹ́, wọ́n sì gbé ìbọn ńlá lé wọn lórí.

Bí ọkọ̀ ẹrù lásán bá rì, wọ́n lè fi èyíkéyìí mìíràn dípò rẹ̀. Ti ọkọ̀ oníyàrá òtútù kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀kì, páìpù àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ gba àkókò gígùn láti ṣe, ẹran kò sì lè wọ ọkọ̀ tí kò ní wọn. Nítorí náà wọ́n wá ọgbọ́n dá sí àyè tó ṣẹ́ kù. Wọ́n ń yọ egungun kúrò nínú ẹran màlúù kí wọ́n tó dì í. Ti àgùntàn, wọ́n á gé òkú rẹ̀ sí méjì, wọ́n á sì ki ìdajì kan bọ inú ìkejì, kí ibi tó ń gba ọ̀kan lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7.5 Málítà àti ọ̀wọ́ ọkọ̀ Pedestal

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ Mẹ́lítà, erékùṣù tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sí Róòmù. Òun náà ni Málítà òde òní, láàárín Sísílì àti Àríwá Áfíríkà. Abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà ogun. Bàálù àti ọkọ̀ abẹ́-omi tó ń ti ibẹ̀ jáde ń rì àwọn ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù lọ fún ọmọ-ogun Ítálì àti Jámánì ní Líbíà. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní oṣù Kẹfà 1940, ìsàgatì bẹ̀rẹ̀: àwọn ọ̀tá dí ọ̀nà oúnjẹ àti ohun ìjà, wọ́n sì ń da bọ́ǹbù lé ìlú lórí. Ní oṣù Kẹrin 1942, Ọba George Kẹfà fún gbogbo erékùṣù náà ní àmì-ẹ̀yẹ George Cross. Oyè kò pé kí ebi má pa wọ́n. Ní oṣù Kẹfà, méjì péré ló dé nínú ọkọ̀ ẹrù mẹ́fà tó gba ọ̀nà Gibraltar wá. Àwọn tó ń bọ̀ láti Íjíbítì ní láti ṣẹ́rí padà. Ìjọba Málítà ti ṣírò ọjọ́ tí oúnjẹ yóò tán pátápátá, tí kò ní sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n juwọ́ sílẹ̀.

Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ni àwọn ọkọ̀ ẹrù tó kóra jọ rìn pọ̀ lábẹ́ ààbò ọkọ̀ ogun. Èyí tí wọ́n pè ní Pedestal ní ọkọ̀ ẹrù 14. Nọ́ọ̀tì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń wá, ọkọ̀ ẹran ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó lè sá a. Mẹ́jọ nínú 14 ló jẹ́ oníyàrá òtútù: Brisbane Star, Melbourne Star, Port Chalmers, Rochester Castle, Empire Hope, Waimarama, Wairangi àti Dorset. Ẹran kọ́ ni wọ́n kó sínú wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ìyẹ̀fun, ọta ìbọn àti epo bẹntiróòlù inú agolo ni. Wọ́n pín gbogbo rẹ̀ káàkiri ọkọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé bí ọ̀kan bá rì, gbogbo ìyẹ̀fun tàbí gbogbo ọta á bá a lọ. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé kò sí ọkọ̀ tí kò gbé iná sábẹ́. Ohio, ọkọ̀ epo láti Amẹ́ríkà tí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tù, ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú epo.

Òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1942 ni wọ́n kọjá Gibraltar, nínú kùrukùru. Ní ọjọ́ 11, ọkọ̀ abẹ́-omi Jámánì U-73 rì Eagle, ọkọ̀ ogun tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló gbà.

Ọjọ́ 12 ni nǹkan dojú rú. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọkọ̀ abẹ́-omi Ítálì kan, Axum, yin tọ́pídò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Tọ́pídò ni bọ́ǹbù gígùn tó ń dá wẹ̀ lábẹ́ omi títí yóò fi kan ara ọkọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n bà: Ohio, Cairo àti Nigeria. Bẹ́ẹ̀ ni, Nigeria. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ ogun náà nígbà tí a wà lábẹ́ àkóso wọn, òun sì ni ọkọ̀ tí Ajagun-omi Harold Burrough, olórí àwọn ọkọ̀ ogun tó ń sin ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà dé òpin ọ̀nà, wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò rì, ṣùgbọ́n kò lè lọ síwájú mọ́. Ó yí padà sí Gibraltar, Burrough sì kó lọ sínú ọkọ̀ ogun mìíràn tó ń jẹ́ Ashanti. Nigeria àti Cairo nìkan ló ní ohun èlò tí wọ́n fi ń darí bàálù tó ń ti Málítà bọ̀ wá gbèjà. Pẹ̀lú bí méjèèjì ti bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá àwọn awakọ̀ bàálù náà sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ ẹrù dà rú, oníkálùkù ń yà kúrò lójú ọ̀nà.

Bàálù ọ̀tá dé nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn. Bọ́ǹbù sọ iná sí Empire Hope. Clan Ferguson, ọkọ̀ ẹrù mìíràn, gbiná, ó bú gbàmù. Tọ́pídò láti inú bàálù sì bá Brisbane Star níwájú.

7.6 Ọkọ̀ kan ṣoṣo létí Tùníṣíà

Ìwájú ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, omi sì rọ́ wọ ikùn tó wà níbẹ̀. Brisbane Star dúró. Àwọn yòókù kọjá lọ, nítorí òfin ọ̀wọ́ ọkọ̀ ni pé a kì í dúró de ẹni tó bá ṣubú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀ńjìnnì wà láàyè. Ọkọ̀ lè rìn, ṣùgbọ́n kò lè sáré: bí ó bá yára jù, omi tó ń ti iwájú wọlé lè wó ògiri tó pààlà sí ikùn kejì.

Kápúténì Frederick Riley ni ọ̀gá ọkọ̀. Bí ó bá padà sí Gibraltar, ọ̀nà tó jìn ni, òun nìkan ni yóò sì máa rìn ín lójú ọ̀tá. Bí ó bá lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò lè bá wọn. Àwọn tó lọ yẹn pàápàá kò bọ́: lóru ọjọ́ náà sí ìdájí, àwọn ọkọ̀ ogun kéékèèké ti ọ̀tá tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù lúgọ dè wọ́n nítòsí Cap Bon ní Tùníṣíà, wọ́n sì ba Wairangi, Glenorchy, Almeria Lykes, Santa Elisa àti ọkọ̀ ogun Manchester jẹ́.

Riley mú ọ̀nà kẹta. Ó yà lọ sí etíkun Tùníṣíà, ó sì ń rìn mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso Tùníṣíà nígbà náà, lábẹ́ ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tó ti bá Jámánì ṣe àdéhùn láti má jà mọ́ ní 1940. Omi tó súnmọ́ ilẹ̀ wọn jẹ́ omi abẹ́ àṣẹ: omi tí òfin ilẹ̀ ẹni dé, tí àwọn tó ń jà kò gbọdọ̀ ti jà bí ilẹ̀ náà kò bá sí nínú ogun. Òfin yẹn dí Jámánì àti Ítálì lọ́wọ́ díẹ̀. Ó tún fún àwọn Faransé lẹ́tọ̀ọ́ láti mú Riley, kí wọ́n sì há òun àti ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lé títí ogun yóò fi parí.

Ní ọjọ́ 13, àwọn tó ń ṣọ́ etíkun fi àmì bi í léèrè ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń wá. Riley ń dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ìdáhùn ra àkókò, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń yọ́ lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Faransé kan jáde wá, ó yin ìbọn síwájú rẹ̀ pé kí ó dúró. Àwọn ọ̀gá méjì gun ọkọ̀, wọ́n ní kí ó tẹ̀lé àwọn lọ sí èbúté.

Ìbọn wà lórí Brisbane Star, ṣùgbọ́n Riley kò lò ó. Ó pe àwọn ọ̀gá náà sínú yàrá rẹ̀, ó gbé ọtí kalẹ̀, wọ́n sì jókòó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n kí i pé kó rìn ire. Wọ́n tún bá a gbé atukọ̀ kan tó fara pa lọ sílé ìwòsàn lórí ilẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn Pedestal, tí ó kún fún ìbọn àti bọ́ǹbù, ìjókòó yìí wà lára ohun tó gba ọkọ̀ kan là pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ ti ṣú, Riley yí orí ọkọ̀ sí ìlà-oòrùn, ó fi etíkun sílẹ̀, ó dojú kọ Málítà. Ní ọjọ́ 14, bàálù láti Málítà wá pàdé rẹ̀ lókè, ó sì wọ èbúté Grand Harbour ní Valletta pẹ̀lú ihò ńlá níwájú. Port Chalmers, Rochester Castle àti Melbourne Star ti dé ní ọjọ́ 13. Melbourne Star ló ń tẹ̀lé Waimarama nígbà tí bọ́ǹbù sọ epo inú rẹ̀ diná. Àárín iná orí omi ló gbà kọjá, àwọn kan nínú atukọ̀ rẹ̀ sì bẹ́ sómi nítorí wọ́n rò pé ọkọ̀ tiwọn ló ń jó. Ohio ló dé kẹ́yìn, ní ọjọ́ 15, ọkọ̀ ogun méjì gbá a mọ́ra lọ́tùn-ún lósì kí ó má baà rì. Ọjọ́ àjọ̀dún Màríà ni, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Málítà fi ń pe ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà ní ti Santa Marija.

Márùn-ún dé nínú 14. Yàtọ̀ sí Ohio, mẹ́rin tó kù jẹ́ ọkọ̀ oníyàrá òtútù. Riley gba àmì-ẹ̀yẹ DSO, tí ó jẹ́ pé ọ̀gá ológun ni wọ́n sábà ń fún, tí kì í sábà kan ọ̀gá ọkọ̀ ẹrù.

7.7 Àwọn ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Wellington Star àti Auckland Star kò rí ju oṣù díẹ̀ nínú ogun: tọ́pídò rì méjèèjì ní 1940. Imperial Star rì nígbà tí ó ń lọ sí Málítà ní oṣù Kẹsàn-án 1941.

Ti Empire Star yàtọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1942, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jàpáánì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Singapó, ó kó àwọn tó ń sá lọ, ọmọ-ogun, nọ́ọ̀sì ará Ọsirélíà, obìnrin àti ọmọdé. Ọkọ̀ tí kò yẹ kí ó gba ju èrò bíi mẹ́rìndínlógún gbé ènìyàn tó lé ní 2,000. Wọ́n kún ikùn tí ẹran ń wà tẹ́lẹ̀. Bàálù Jàpáánì kọlù ú fún wákàtí mélòó kan. Bọ́ǹbù mẹ́ta bà á, ènìyàn 14 kú. Kápúténì Selwyn Capon ń yí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí bọ́ǹbù lè máa tàsé. Nọ́ọ̀sì méjì da ara wọn bo àwọn tó fara pa lórí pèpéle ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Margaret Anderson, gba George Medal. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Batavia. Singapó ṣubú lọ́jọ́ 15. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, U-615 rì Empire Star nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ kékeré tí Capon bọ́ sí kò dé ibì kankan.

Ogun kọ́ ló rì Dunedin Star ní tààrà. Nítorí pé Òkun Mẹditaréníà kò ṣeé gbà, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Íjíbítì ní láti yí gbogbo Áfíríkà po. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1942, ó fi ìdí gbá nǹkan lábẹ́ omi nítòsí etíkun aṣálẹ̀ ibi tí a ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Ọ̀gá ọkọ̀ darí rẹ̀ sórí iyanrìn kí ó má baà rì. Ènìyàn 106 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí omi mímu, kò sí ọ̀nà, kò sí ilé nítòsí. Bàálù tó gbé omi wá balẹ̀, iyanrìn mú un. Ọkọ̀ kékeré kan tó wá ṣèrànwọ́ fọ́ sí etíkun, méjì nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ sì kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan kí wọ́n tó kó gbogbo wọn jáde, ṣùgbọ́n àwọn 106 yẹn yè.

Melbourne Star, tó la iná Waimarama já, kò rí 1943 parí. Ní oṣù Kẹrin, U-129 rì í ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Bermuda. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin péré ni wọ́n rí gbà, lẹ́yìn ọjọ́ 38 lórí pákó tó léfòó.

7.8 Lẹ́yìn ogun

Wọ́n dí ihò iwájú Brisbane Star dé ìwọ̀n tó lè fi rìn, ó sì jáde ní Málítà kí 1942 tó parí. Ó la ogun já, ó padà sídìí òwò ẹran fún nǹkan bí ọdún 18. Ní 1963 wọ́n tà á, wọ́n sọ ọ́ ní Enea fún ìrìn-àjò ìkẹyìn, wọ́n sì tú u palẹ̀ ní Osaka ní Jàpáánì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹténà, àpótí irin tó gbé ẹ̀rọ òtútù tirẹ̀ sára, bẹ̀rẹ̀ sí gba òwò náà lọ́wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun Nigeria ní tiẹ̀ di ti Íńdíà. Mysore ni wọ́n ń pè é láti 1957.

Àwọn kókó orí yìí

• Ọkọ̀ oníyàrá òtútù gbára lé ògiri tí ooru kì í gbà kọjá, ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì pọ̀, àti omi iyọ̀ tàbí atẹ́gùn tí ń gbé òtútù kiri.
• Nígbà ogun, oúnjẹ Ìlú Ọba dúró lé irú ọkọ̀ yìí, kò sì rọrùn láti wá òmíràn dípò èyí tó bá rì.
• Eré tí wọ́n fún Brisbane Star nítorí ẹran ló mú kí wọ́n yàn án fún Málítà.
• Márùn-ún nínú ọkọ̀ ẹrù 14 ló dé Málítà ní oṣù Kẹjọ 1942. Brisbane Star gba etíkun Tùníṣíà dé ibẹ̀.

Ìdánrawò

1. Sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: ikùn ọkọ̀, nọ́ọ̀tì, ọ̀wọ́ ọkọ̀, ìsàgatì, omi abẹ́ àṣẹ.
2. Kí ló dé tí wọn kì í fi gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran dídì sínú yàrá òtútù kan náà?
3. Ya àwòrán tó fi ọ̀nà tí gáàsì ń gbà yípo hàn, kí o sì tọ́ka sí ibi tí ó ti ń gba ooru àti ibi tí ó ti ń sọ ọ́ nù.
4. Ṣàlàyé àǹfààní kan àti ewu kan tó wà nínú bí wọ́n ṣe pín ẹrù káàkiri gbogbo ọkọ̀ Pedestal.
5. Báwo ni bí tọ́pídò ṣe ba Nigeria àti Cairo ṣe kó bá àwọn ọkọ̀ ẹrù?
6. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú Kápúténì Riley ní òru ọjọ́ 12. Kọ ewu inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì sọ èyí tí òfin omi abẹ́ àṣẹ ràn lọ́wọ́.
7. Fi ìgbẹ̀yìn Empire Star wé ti Dunedin Star ní ìpínrọ̀ méjì.
8. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ lọ sí kóòlù-rúùmù kan ní àdúgbò yín. Ẹ béèrè ìlú tí ẹja inú rẹ̀ ti wá, ìwọ̀n òtútù tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iná bá lọ. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú tábìlì, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà ní 7.1 àti 7.2.